Ta Ni Yóò Mú Ìwé Ìran Dání?

    

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò jìnnà sí ilé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn kan nínú wa, awo àti ọ̀gbẹ̀rì, ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Òṣòdì, Ìsọlọ̀, Mafolúkù, Ṣógúnlẹ̀ àti Òkòtà, tí wọ́n ń bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ẹni tí ó bí baba wọn, oríkì orílẹ̀ wọn, èèwọ̀ wọn àti òrìṣà ilé wọn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí ẹni tí ó sanwó fún wọn. Owó ọkọ̀ wọn, owó báírò wọn, owó dátà tí wọ́n fi ń fi ohùn àgbà pamọ́ láti orí fóònù, àpò ara wọn ni ó ti ń jáde. Wàyí o, àwọn kan ní ó tó gẹ́ẹ́, kí a lọ fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kò wà fún èrè, kí ó ní òfin, kí ó ní àkáǹtì ní báńkì, kí ó ní àwọn olùtọ́jú tí a lè pè kí wọ́n wá jíhìn. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà bàjẹ́. Àwa ní ibi tí a fì sí, a kò sì ní fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le, nítorí ẹni tí ó bá rò pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni ìwé ìran kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ Òṣòdì fúnra rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn agbèrò ń fi orúkọ yìí pe èrò sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ oyè àti ti ìdílé ni. Òṣòdì Tápà, tí ìdílé náà ń jẹ́ orúkọ mọ́, kì í ṣe ọmọ bíbí Èkó. Ilẹ̀ Tápà ni a ti mú un wá ní kékeré, ọ̀nà ẹrú ni ó sì gbà dé ààfin Ọba Òṣìnlókun. Ọgbọ́n àti akin gbé e ga nínú ààfin náà títí ó fi di olóyè àti ọ̀gágun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Òṣòdì Tápà bá a lọ. Ní ọdún 1862, ọdún kan lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó lọ padà dé, ibi tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ní erékùṣù Èkó ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ọdún 1868 ni Òṣòdì Tápà papòdà.

Orí ilẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn àrọ́ta jọ ń gbé lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ ń bí ọmọ. Nígbà tí ó yá, ìjọba gba díẹ̀ nínú ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fún ìlò ìlú, ó sì fẹ́ san owó gbà-má-bínú. Ta ni kí a kà á lé lọ́wọ́? Ṣé olóyè Òṣòdì tí ó wà lórí oyè baba ilé ni, tàbí àwọn tí ó ti ń gbé inú àgbo-ilé náà láti ìran dé ìran? Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní kóòtù Èkó, ó rékọjá òkun, ó sì di ẹjọ́ Oshodi àti Dakolo níwájú Privy Council, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1930. Àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà lónìí. Bí a bá ṣí gbogbo gbólóhùn òfin inú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò, ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà ni a ó bá nísàlẹ̀: ta ni ọmọ ta ni?

Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀; ìtàn àtẹnudẹ́nu ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ìtàn gba ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, kí ó sọ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, kí ó sì to àwọn tí ilẹ̀ náà ti ọwọ́ wọn bọ́ sí ọwọ́ òun ní ẹsẹẹsẹ láìsí àlàfo. Ẹ gbọ́ ohun tí a ń wí. Orúkọ kan ṣoṣo tí a bá fò nínú ìlà náà lè sọ ilẹ̀ nù. Ní Ìsọlọ̀, níbi tí Ọ̀sọlọ̀ ti ń jọba láàárín àwọn ọmọ Àwórì, orúkọ tí a bá kọ sí ìlà ọmọ ọba, tàbí tí a kò kọ, lè di ọ̀rọ̀ ńlá lọ́jọ́ tí ìtẹ́ bá ṣófo. Ìwé tí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kan gbé sínú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì gbé wọ dánfó, nǹkan tí àwọn ènìyàn lè torí rẹ̀ pa ara wọn ni.

Ọ̀rọ̀ àrọ́ta tún wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ bò ó. Àgbà tí ó bá ń sọ ìtàn kì í dúró lórí oríkì nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó lè sọ pé ìdílé báyìí tí ẹ ń wò yẹn, ẹrú baba wa ni baba ńlá wọn. Ọmọdé á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí a wí yẹn lè ti jẹ́ oníléńlá lónìí, wọ́n lè ti fẹ́ wa, kí a ti fẹ́ wọn, kí a sì ti bímọ fún ara wa. Àṣà wa mọ bí a ṣe ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹni tí ó bá tu orírun ẹlòmíràn lójú agbo, ìwà ìkà ni a kà á sí. Ìwé kò mọ ìyẹn. Ohun tí a kọ ń dúró de ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí i. Kí a sì rántí pé bí Èkó ìgbà náà bá ti ní kí ẹni tí ó gba ọ̀nà ẹrú wọlé má ṣe ní orúkọ nínú ìtàn, ìdílé Òṣòdì kì bá tí sí láti jẹ́ orúkọ náà.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ nìkan ni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1901 tí ó sì gba Òṣòdì kọjá, àwọn àjèjì ti ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìgbómìnà, Ìgbò, Háúsá, tí wọ́n gba ilé, tí wọ́n sì bímọ tí kò mọ ibòmíràn. Ìwé ìran wa gba àwọn náà. Ó sì gba àwọn tí omi gbé lọ ní Òkè-Afá ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àgọ́ àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bú gbàmù, tí èrò sì sá kìjokìjo wọ inú odò. Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà ju 1,000 lọ, ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí ó kú kí ó tó bímọ, ìlà rẹ̀ pin síbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá dárúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ àwọn orúkọ náà bí ìdílé bá fẹ́. Iṣẹ́ tí ó wúwo ni.

Àyọ́sọ kan: ohun tí ó máa ń da ìlà ìran rú jù ní àdúgbò wa kì í ṣe ogun, kì í sì í ṣe ẹrú. Àyípadà orúkọ ni. Baba ń jẹ́ Fábùnmi, ọmọ ń jẹ́ Olúbùnmi, ọmọ-ọmọ ń jẹ́ Jésùbùnmi, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan ṣoṣo ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọpa ìran gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ifá ni ó wà nísàlẹ̀ orúkọ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ka ìdílé kan sí mẹ́ta.

Àwọn kan sì wà ní òkè òkun tí ń dúró de iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, mínísítà ètò ìnáwó Brasil, Rui Barbosa, pàṣẹ kí a sun àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ẹrú tí ó wà lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa tí ó bá wà ní Bahia tí ó sì fẹ́ mọ ilé tí a ti mú ìyá ńlá rẹ̀ lọ, iná ti jẹ díẹ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wá inú àwọn ìwé tí ó yè ní Freetown àti Havana, níbi tí a ti kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì rí orúkọ 91,491. Orúkọ Yorùbá kún inú rẹ̀. Orúkọ lásán kò ní ilé. Àwa tí a wà nílé ni a lè sọ pé irú orúkọ báyìí, ilé báyìí ni a ti ń jẹ́ ẹ.

Ó tó àkókò kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí kò fẹ́ ìforúkọsílẹ̀. Àgbà kan nínú wọn béèrè pé: ta ni ó fún odù 256 ní ìwé-ẹ̀rí? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí. Ifá ti ẹnu dé ẹnu dé ọ̀dọ̀ wa láìsí àkáǹtì ní báńkì. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wò. Ifá kò wá láìsí ètò. Àràbà wà, Olúwo wà, Ojùgbọ̀nà wà, Akódá àti Aṣẹ̀dá wà. Ẹni tí ó bá ṣi ẹsẹ pè nínú àpèjọ awo, ojú ẹsẹ̀ ni a ó tún un ṣe fún un. Àwọn baba wa ní Èkó kò sì bẹ̀rù ẹgbẹ́ tí ó ní ìwé: ọdún 1920 ni a dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Adúláwọ̀ sílẹ̀ nílùú yìí. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra àtẹnudẹ́nu àgbáyé, ìkéde náà kò sì gba ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún ní owó ni yóò bà á jẹ́. Èyí ni ó bà wá lẹ́rù jù. Gbogbo wa ni a mọ ẹgbẹ́ tí ó pín sí méjì nítorí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó. Nígbà tí kò sí owó, àwọn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ nìkan ni ó kù nídìí rẹ̀. Bí ọmọ òkè òkun kan bá fi dọ́là ránṣẹ́, àwọn tí a kò rí rí yóò dé pẹ̀lú agbádá. Ìyá tí ó wọ ilé ọkọ láti kékeré, tí ó mọ oríkì ilé náà ju àwọn ọmọ ilé lọ, tí ó fi ń kí wọn láràárọ̀, kò ní fẹ́ jókòó ní ìpàdé tí a ti ń ka ìròyìn ìpàdé tó kọjá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyàwó ilé wọ̀nyí ni ìwé ìran wa gan-an. Tí a bá fi ètò lé wọn lọ, kí ni a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ̀rù ìjọba náà wà níbẹ̀. Abala 839 òfin CAMA ti ọdún 2020 fún àjọ CAC, tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní ọ̀nà láti dá àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ dúró kí ó sì yan adelé, bí ó bá gbà pé ìwà tí kò tọ́ tàbí jìbìtì ti wọ ìṣàkóso rẹ̀. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ pariwo lórí abala yìí lọ́dún náà, a kò sì lè sọ pé ariwo asán ni. Ẹni tí ó bá wọ abẹ́ òrùlé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé onílé lè wọlé wá wo yàrá.

Kí ni àwọn tí ó fẹ́ ẹ wá wí? Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wá, a kò sì rí èsì fọ̀ sí i: lónìí yìí, ta ni ó ni àwọn ìwé náà? Níwájú òfin, ẹni tí ó wà nínú ilé rẹ̀ ni. Bí ó bá kú lọ́la, ogún rẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè tà wọ́n fún alágbàjà ilẹ̀, wọ́n sì lè fi wọ́n dáná. Mẹ́mọ́rì káàdì tí ohùn àwọn àgbà wà nínú rẹ̀ ń bẹ nínú fóònù ẹnìkan, fóònù náà sì ń gba Òṣòdì kọjá ní alẹ́. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí ìtàn Sámúẹ́lì Johnson. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó. Ó kú ní 1901 láìfojú rí i. Obadáyà, àbúrò rẹ̀, ni ó jókòó ti àwọn ìwé pélébé tí ó ṣẹ́kù, tí ó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú ogun. Obadáyà kú ní 1920. Ọdún kejì ni ìwé náà tó jáde. Ẹ̀mí méjì ni ó lọ sí i, orí ni ó sì kó o yọ. Bí àbúrò kò bá sí, tàbí tí ó wà tí kò bìkítà, ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nípa Òyọ́ ìgbàanì kì bá tí sí nínú ìwé.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà níbi tí iṣẹ́ kò sọnù ṣùgbọ́n tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kó ìsọfúnni ìdílé jọ sórí RootsWeb fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2000, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Ancestry rà á. Find a Grave, tí Jim Tipton dá sílẹ̀ ní 1995, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń ya fọ́tò ibojì sí, di ti Ancestry ní 2013. Ilé-iṣẹ́ olówó ńlá Blackstone wá ra Ancestry náà ní 2020, ní iye tí ó tó bílíọ̀nù mẹ́rin àti mílíọ̀nù 700 dọ́là. A kò wí pé ẹnikẹ́ni jalè. Àwọn ojúewé náà ṣì ṣí sílẹ̀ fún aráyé. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé itẹ́ òkú kò ní ohùn nínú títa náà, nítorí kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé wọ́n ní in. Ilé-iṣẹ́ 23andMe, tí ń fi itọ́ ẹnu ṣàyẹ̀wò ìran, wọ gbèsè ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wá ń béèrè pé ta ni yóò ra ẹ̀jẹ̀ àwọn. Ẹgbẹ́ aláìlérè kan tí olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni ó rà á níkẹyìn.

Lójú òfin, ohun tí ìforúkọsílẹ̀ ń ṣe nìyí. Orúkọ àwọn olùtọ́jú, tí lọ́yà ń pè ní trustee, ni a ń gbé lọ sí CAC pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́, ète rẹ̀ àti ìwé òfin rẹ̀. A ó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tí ó bá lòdì sí i sì ní ọjọ́ 28 láti sọ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá yọrí, ẹgbẹ́ náà di bí ẹni kan tí kì í kú: ó lè ní ohun-ìní, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ di èrè tí ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Lọ́dọọdún, láàárín 30 oṣù Kẹfà àti 31 oṣù Kejìlá, yóò jíhìn fún CAC. Bí ó bá sì tú ká lọ́jọ́ kan, ohun tí ó bá kù lẹ́yìn gbèsè kì í ṣe ti ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ mìíràn tí ète rẹ̀ jọ tirẹ̀ ni a ó kó o fún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì lè ti yan èyí tí yóò jẹ́ ṣáájú. Nínú gbogbo òfin náà, gbólóhùn yìí ni ó fà wá jù, nítorí òun ni ó dí ọ̀nà tí RootsWeb gbà lọ.

Àwọn kan ti dámọ̀ràn ọ̀nà àárín, pé kí iṣẹ́ náà wá sábẹ́ ẹgbẹ́ awo tiwa, kí a má ṣe wàhálà ìforúkọsílẹ̀ tuntun. A mọ rírì ìfẹ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Lónìí, nínú àgbo-ilé kan ṣoṣo ní Ìsọlọ̀, ẹ ó bá àlùfáà, ẹ ó bá wòlíì, ẹ ó bá awo. Bí ìwé ìran bá jẹ́ ti babaláwo, ìdajì àwọn ọmọ ilé yóò ti ilẹ̀kùn. Ìran ṣáájú ẹ̀sìn tí olúkúlùkù yàn. Kí awo jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nídìí rẹ̀, kí wọ́n má ṣe jẹ́ onílé.

Ibi tí a fì sí nìyí: kí a forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ olùtọ́jú àpótí, kí ó má ṣe jẹ́ onítàn. Ìdílé ni ó ni ìtàn. Bí ìdílé kan bá ní àwọn fẹ́ gba ọ̀rọ̀ wọn padà, kí a dá a padà fún wọn, kí a sì pa ẹ̀dà rẹ̀ rẹ́. Ibi tí ẹ̀ka méjì bá ti sọ ìtàn tí kò dọ́gba, kí a kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sọ láéláé pé lágbájá ni ọmọ ilé, tàmẹ̀dò kì í ṣe ọmọ ilé. Kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ti ilẹ̀. Lóòótọ́, kóòtù lè ní kí a gbé ìwé wá, a kò sì lè kọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ọ̀rọ̀ ta ni ẹrú ta ni má ṣe wọ inú ìwé rárá. Àwọn onímọ̀ ìtàn yóò bínú sí wa lórí èyí, wọn yóò ní a ń fi òtítọ́ pamọ́. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ, kóòtù kò lè ní kí a gbé e wá, àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ àti ẹni tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún.

Ní ti àwọn tí ó ṣì wà láàyè, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra mú gidigidi, nítorí náà kí a má kọ ti alààyè láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí a má gba itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni fún àyẹ̀wò. Olùtọ́jú kì í gba owó oṣù. Owó ọkọ̀ àti owó ìgbohùnsílẹ̀ ni kí a máa san, kí rìsíìtì sì wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti oyè ní kóòtù lọ́wọ́lọ́wọ́ kò lè jẹ́ olùtọ́jú. Kí ìdílé kan má ní ju olùtọ́jú kan lọ. Kí obìnrin wà láàárín wọn, pàápàá ìyàwó ilé. Ẹni tí èyí bá yà lẹ́nu, kí ó lọ ka ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé Olóyè Mábìnúorí. Èkó yìí ni a ti dá a, lọ́dún 1908 àti 1909, ilé-ẹjọ́ sì gbà nígbà náà pé ọmọbìnrin lè jẹ́ olórí ìdílé. Kí a sì máa fi Yorùbá ṣe ìpàdé.

Ohun tí ó kàn nìyí. A ti kọ òfin ẹgbẹ́ náà ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i ni a ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún CAC. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀dà ojúewé ìdílé kọ̀ọ̀kan tí a ti kọ, tí a fi àpòòwé dì. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹni tí ó bá rán, gba tirẹ̀ lọ sílé, kí ó kà á sétí àwọn ọmọ ilé, kí ó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ orúkọ tí kò bá tọ́ àti orúkọ tí wọn kò fẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a fún yín. Títí àpòòwé tí ó kẹ́yìn yóò fi padà dé, a kò ní gbé ìkéde kankan lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn.